Jim Thompson: ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá tó fi ìwé tú àṣírí ọlọ́pàá

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1977, ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún kan kú ní Los Angeles, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Jim Thompson ni orúkọ tó máa ń wà lára ìwé rẹ̀. Ìwé ìtàn tó kọ lé ní 25. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó kú, kò sí ilé iṣẹ́ kankan ní Amẹ́ríkà tó ṣì ń tẹ ọ̀kankan nínú wọn jáde.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn Faransé mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, wọ́n sọ ọ́ di sinimá. Wọn kò yà á ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì yà á ní Paris. Áfíríkà ni wọ́n wá, ní ìlú Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà. Coup de torchon ni wọ́n pe sinimá náà, ìyẹn ni pé kí èèyàn fi àkísà nu ìdọ̀tí kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtàn ọ̀gá ọlọ́pàá Òyìnbó kan ni, ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣe olórí lé wa lórí. Ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín gan-an, àmọ́ kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi ń há síni lọ́fun.

Sinimá yìí yẹ lẹ́ni tó ń tún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbádùn rẹ̀ dáadáa, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ìtàn náà àti ibi tó ti rí i.

Ọmọ ṣẹ́ríìfù

Wọ́n bí Jim Thompson ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1906, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Anadarko, ní ilẹ̀ Oklahoma. Oklahoma kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà, ọdún 1907 ló dà á. Bàbá rẹ̀, James Sherman Thompson, ni ṣẹ́ríìfù agbègbè Caddo. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ríìfù ní Amẹ́ríkà ni ọ̀gá ọlọ́pàá tí àwọn ará agbègbè fi ìbò yàn. Òun ló ń mú arúfin, òun ló ń ṣọ́ ilé ẹ̀wọ̀n, ìbọn ìjọba sì wà níbàdí rẹ̀. Ní ìlú kékeré, ta ni yóò bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe?

Ṣùgbọ́n wọ́n bi bàbá Jim léèrè. Ó du ipò aṣòfin, ó sì fìdí rẹmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ìwé owó, wọ́n ní owó agbègbè kò pé lọ́wọ́ rẹ̀. Kàkà kó dúró rojọ́, ó sá lọ sí Mẹ́síkò. Ìyá Jim kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ ní Burwell, ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ìgbà tó yá ni ìdílé náà tún padà wà pọ̀. Bàbá náà wọ òwò epo rọ̀bì ní Texas, ó rí owó, ó sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1941 ó kú ní ilé ìtọ́jú kan ní Oklahoma. Kò ní kọ́bọ̀, kò sì sí ọmọ tó lówó tó láti gbé e kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà fi ṣe ẹ̀kọ́ nìyẹn. Láti kékeré ló ti rí i pé ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n mú lè jẹ́ ẹni tó yẹ kí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Ó sì tún rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ bàbá ẹni, kí èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀sán ní ilé ìwé, òru ní òtẹ́ẹ̀lì

Nígbà tí owó bàbá tán, Jim ṣì wà ní ilé ìwé. Ó wá iṣẹ́ sí Hotel Texas ní ìlú Fort Worth, ó ń gbé ẹrù àlejò. Òru ló ń ṣiṣẹ́ náà. Àsìkò yẹn, láti ọdún 1920 títí di 1933, òfin Amẹ́ríkà ka ọtí títà léèwọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ń ṣòwò ní ẹnubodè mọ̀ pé ohun tí òfin kà léèwọ̀, bí ará ìlú bá ṣì ń fẹ́ ẹ, ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa gbà wọlé. Ọmọ òtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀nà ẹ̀yìn náà. Jim ń wá ọtí fún àwọn àlejò, owó tí wọ́n sì ń fi lé e lọ́wọ́ ju owó oṣù rẹ̀ lọ fíìfíì.

Níbẹ̀ ló ti rí àwọn èèyàn pàtàkì nígbà tí wọ́n bọ́ kóòtù, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òun náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń mutí. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ara rẹ̀ ti dá sílẹ̀. Ọtí, sìgá àti àìsùn ló kó o ṣubú. Ìjà òun àti ọtí kò sì parí títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó lọ sí aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Texas, níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó sọ nínú ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀, Bad Boy, tó jáde ní ọdún 1953. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e nítorí pé ó dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìlú, kò sì san án. Igbákejì ṣẹ́ríìfù kan wá bá a níbi iṣẹ́, nínú igbó, níbi tí kò sí ẹlòmíì. Ọkùnrin náà kò jágbe, kò fa ojú ro. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ yé e pé bí òun bá pa á síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Jim san owó náà. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn mọ́.

Òǹkọ̀wé fún àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì

Ó lọ sí yunifásítì ní Nebraska fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1931 ó gbé Alberta Hesse níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Àkókò ìṣẹ́ ńlá ni ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kò sí, báńkì ń wó. Jim ń fi ìwé kíkọ bọ́ ìdílé rẹ̀. Ó ń kọ ìròyìn ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ fún àwọn ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú. Ìyá rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀ a máa bá a kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ìròyìn. Òun a sì máa kọ ọ́ bí ẹni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló ń rò ó. Níbi iṣẹ́ yẹn ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú orí apànìyàn.

Ní ọdún 1938 ó di olórí ẹ̀ka Oklahoma nínú ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti fún àwọn òǹkọ̀wé tí kò níṣẹ́ ní iṣẹ́. Ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, Now and on Earth, jáde ní ọdún 1942. Kò ta.

Ọdún 1952 ni ọ̀nà là fún un díẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lion Books ń tẹ ìwé ẹ̀yìn rírọ̀, sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ń tà á. Irú ìwé tí èèyàn ń rà ní ibùdókọ̀, tó ń kà lọ́nà, tó sì ń sọ nù bó bá dé ibi tó ń lọ. Arnold Hano, olóòtú ibẹ̀, fún Jim láyè láti kọ bó ṣe fẹ́. Láàárín ọdún méjì péré, bí ìwé méjìlá ló kọ.

Èyí tó ṣáájú nínú wọn ni The Killer Inside Me. Igbákejì ṣẹ́ríìfù kan ní Texas, Lou Ford, ló ń sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Gbogbo ìlú rò pé òpè ni. Bí ó bá pàdé èèyàn lọ́nà, òwe ló máa fi dí i lọ́wọ́, òwe tí gbogbo ayé ti gbọ́ títí ó fi sú wọn. Àwa ń fi òwe wá ọ̀rọ̀ tó sọnù. Òwe ni Lou Ford fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ ìbora náà, apànìyàn ni. Ẹ̀rín tí Jim rí nínú igbó epo rọ̀bì ló gbé wọ ojú ọkùnrin yìí.

Àwọn onísinimá rí iṣẹ́ rẹ̀. Stanley Kubrick, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé olùdarí nígbà náà, pè é kó wá bá òun kọ The Killing, tó jáde ní ọdún 1956. Nígbà tí sinimá jáde, Jim rí i pé Kubrick kọ orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni tó kọ ọ́, ó sì kọ tirẹ̀ bí ẹni tó kàn fi ọ̀rọ̀ sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Ó dùn ún wọ egungun. Síbẹ̀ ó tún bá a ṣiṣẹ́ lórí Paths of Glory ní ọdún 1957, ìtàn àwọn sójà Faransé tí àwọn ọ̀gá wọn dájọ́ ikú fún lọ́nà àìtọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọdún 1975 ni wọ́n tó fi sinimá yẹn hàn ní ilẹ̀ Faransé.

Ìlú èèyàn 1280

Ní ọdún 1964 ló kọ ìwé tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Pop. 1280 ni àkọlé rẹ̀, nítorí pé èèyàn 1280 ló wà ní ìlú náà. Ṣẹ́ríìfù ibẹ̀ ni Nick Corey. Ọ̀lẹ ni, alájẹkì ni, oníṣekúṣe sì ni. Kì í mú ẹnikẹ́ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Ìyàwó rẹ̀ ń bú u, àwọn olówó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọkùnrin méjì tó ń kó aṣẹ́wó kiri sì ń gbá a láyà ní gbangba.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ẹjọ́, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí Nick sùn. Ó bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n wó o, wọn kò dá a lóhùn. Ní òru ọjọ́ kan ó lọ tú ìṣó pákó ibẹ̀. Ní òwúrọ̀, olórí báńkì wọlé bó ṣe máa ń wọlé, pákó yẹ̀, ọkùnrin ńlá bọ́ sínú ìgbẹ́ tòun ti kóòtù rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà.

Òǹkàwé á rẹ́rìn-ín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn Nick. Pàkúté ibẹ̀ nìyẹn. Nick lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ṣẹ́ríìfù mìíràn tó gbọ́n lójú ara rẹ̀, ó wá padà sílé, ó yìnbọn pa àwọn oníṣòwò aṣẹ́wó méjèèjì, ó sì dọ́gbọ́n tí ẹ̀ṣẹ̀ náà fi rọ̀ sórí ọlọ́gbọ́n yẹn. A tún rẹ́rìn-ín, nítorí pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ó pa ọkùnrin kan tó ń lu ìyàwó rẹ̀ bíi bàrà. A ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, bàbá àgbà aláwọ̀ dúdú kan, Uncle John, rí òkú ọkùnrin náà nínú igbó. Ó rò pé oore ló yẹ kí òun ṣe, ó gbé òkú náà padà wá sílé. Ó bá Nick níbẹ̀. Ohun tí kò yẹ kó mọ̀ ti wá di mímọ̀ fún un. Nick pa á. Lójú òfin, ó kàn di pé dúdú kan àti funfun kan bá ara wọn jà, wọ́n sì pa ara wọn. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín dá. Òǹkàwé wá rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó lè ṣe irú èyí.

Ìparí ayé rẹ̀

Ìwé náà kò sọ Jim di olówó. Ó ń kọ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún un. Ó tilẹ̀ fi eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n kan, Ironside, ṣe ìwé ní ọdún 1967. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé rẹ̀ The Getaway ṣe sinimá, èyí tó jáde ní ọdún 1972, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún. Steve McQueen, gbajúmọ̀ òṣèré tó wà nínú rẹ̀, kò fẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

Ní ọdún 1975 wọ́n fún un ní ipò kékeré nínú sinimá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, Farewell, My Lovely. Adájọ́ arúgbó olówó ni wọ́n ní kó ṣe. Ọmọ ṣẹ́ríìfù tó sá di adájọ́ nìyẹn, fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọlù ú léraléra. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé kò ṣeé lò mọ́. Nígbà tó rí i pé òun kò lè kọ̀wé mọ́, ó kọ oúnjẹ. Ó sọ fún Alberta aya rẹ̀ pé kó tọ́jú àwọn ìwé òun dáadáa, pé bó bá tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú òun, ayé máa mọ òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.

Bí ìtàn náà ṣe dé Áfíríkà

Ibì kan wà tí wọn kò ti gbàgbé rẹ̀. Ní Paris, Marcel Duhamel dá ìsọ̀rí ìwé ọ̀daràn kan sílẹ̀ ní ọdún 1945 tí wọ́n ń pè ní Série noire. Àwọn ìwé Jim Thompson wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1950. Nígbà tí wọ́n dé orí ìwé ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún ní ọdún 1966, Pop. 1280 ni wọ́n fi ṣe é. Duhamel fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀, ó sì pè é ní 1275 âmes. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ọjà á ti rí i: èèyàn márùn-ún ti dín. Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀ láàárín àwọn òǹkàwé Faransé débi pé òǹkọ̀wé kan, Jean-Bernard Pouy, kọ odindi ìwé ní ọdún 2000 nípa wíwá àwọn èèyàn márùn-ún náà.

Bertrand Tavernier ló sọ ọ́ di sinimá ní ọdún 1981. Ìṣòro tó ní ni pé, níbo ni Faransé ní ibi tí ó dà bí ìlú Nick Corey, níbi tí funfun kan lè pa dúdú, kí òfin sì wo ibòmíì? Ìdáhùn rẹ̀ ni ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí ní Áfíríkà. Ìlú tó fi orúkọ àdápè pè ní Bourkassa-Ourbangui ló fi ṣe ibùdó ìtàn. Philippe Noiret ni ọ̀gá ọlọ́pàá, Lucien Cordier. Isabelle Huppert ni Rose, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù.

Àwọn baba wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ mọ ayé tí Tavernier ń sọ. Lábẹ́ òfin tí Faransé ń pè ní indigénat, aláṣẹ Òyìnbó lè fi ọmọ ilẹ̀ sẹ́wọ̀n tàbí kó bu owó ìtanràn lé e láì gbé e dé iwájú adájọ́. Ọdún 1946 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Nítorí náà, Tavernier kò ní láti fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún ìtàn Jim Thompson. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, olówó tó jìn sínú ìgbẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣẹ́wó wà níbẹ̀, òkú àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ń léfòó lórí odò ni wọ́n sì fi ń dánra wò bí wọ́n bá fẹ́ yìnbọn ṣeré.

Dúdú tó gbé òkú padà wálé náà wà níbẹ̀. Wọ́n kò pè é ní Uncle John mọ́. Vendredi ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Ọjọ́ Ẹtì, orúkọ tí Òyìnbó inú ìtàn Robinson Crusoe sọ ọkùnrin tó ń sìn ín. Cordier pa òun náà.

Wọ́n yan Coup de torchon mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Oscar fún sinimá ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó yá, Amẹ́ríkà rántí ọmọ rẹ̀. Láti ọdún 1984, ilé iṣẹ́ Black Lizard bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé rẹ̀ tẹ̀. Ní ọdún 1990, The Grifters, sinimá tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ mìíràn ṣe, wà lára àwọn tó ń du Oscar lọ́nà mẹ́rin. Alberta ti tọ́jú ìwé rẹ̀ bó ṣe ní kó ṣe. Ọdún mẹ́wàá tó dá kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá máa wo Coup de torchon, tàbí tí ẹ máa tún un wò, ẹ kíyè sí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oòrùn ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, òtútù ń mú àwọn ọmọdé aláwọ̀ dúdú kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ, Cordier sì dá iná fún wọn. Ní ìparí, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ń wo àwọn ọmọdé, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni, ojú kan náà ló sì fi ń wò wọ́n.